Bí Ìfun Wa Ti Ń Sọ Ara Rẹ̀ Di Ọ̀tun

Àwọn baba wa a máa pa á lówe pé, bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Níbi ìsìnkú àgbàlagbà ni a ti sábà máa ń gbọ́ òwe yìí, èmi náà sì ti pa á ní ilé ọ̀fọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú ara olúkúlùkù wa tí òwe náà ti ń ṣẹ lójoojúmọ́, tí a kì í sì í gbọ́ igbe ẹkún níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni inú ìfun wa. Ó yẹ kí àwa olùkọ́ àti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa mọ ọ̀ràn yìí dáadáa, nítorí ó ran ará ilé mi kan lọ́wọ́ ní ọjọ́ ìpọ́njú, gẹ́gẹ́ bí èmi yóò ti sọ.

Bí a bá fi awò tí í sọ ohun kékeré di ńlá wo inú ìfun kékeré, a ó rí i pé kò tẹ́jú bí ẹní. Ó hu ìka kéékèèké lọ súà, bí ara aṣọ ìnura. Ní ẹsẹ̀ àwọn ìka wọ̀nyí ni àwọn kòtò wà. Johann Nathanael Lieberkühn, oníṣègùn ará Jámánì, kọ̀wé nípa wọn ní ọdún 1745, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pè wọ́n títí di òní. Sẹ́ẹ̀lì ni a ń pe àwọn ohun alààyè kíkíní tí a fi kọ́ ara ènìyàn, bí a ti í fi bíríkì kọ́ ilé. Ìpele sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni ó bo inú ìfun. Oúnjẹ ń gbo wọ́n, oje tí í da oúnjẹ ń ta wọ́n, kòkòrò àrùn sì ń bá wọn jà. Nítorí náà wọn kì í pẹ́ láyé. Láàrin ọjọ́ 3 sí 5, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn yóò ti gòkè dé ṣóńṣó ìka, wọn a sì já bọ́.

Ta ni ń rọ́pò wọn? Ní ìsàlẹ̀ kòtò ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ fi ara pamọ́ sí, bí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti í wà nínú ilẹ̀. Ní ọdún 1974, Hazel Cheng àti Charles Leblond, ní ìlú Montreal ní Kánádà, wí pé ìyá kan náà ni ó bí gbogbo oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì inú ìfun. Ní ọdún 2007, Nick Barker àti Hans Clevers pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ní ìlú Utrecht ní Nẹ́dálándì, fi àmì sí ìyá náà lára eku, wọ́n sì rí àwọn ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ti ń gòkè. Ní ọdún 2009, Toshiro Sato mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn, ó tọ́jú rẹ̀ sínú àwo, ẹyọ kan náà sì kọ́ ìfun kékeré tí ó ní kòtò tirẹ̀.

Báwo wá ni ọmọ ìyá kan ṣe ń di oníṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀? Ìwé àṣẹ kan náà ni gbogbo wọn jogún. Ojú ìwé tí olúkúlùkù ṣí ni ó yàtọ̀. Èyí tí ó bá dúró ní ìsàlẹ̀ ń gbọ́ àṣẹ kan tí a ń pè ní Wnt, tí ó ń wí fún un pé kí ó máa bímọ síi. Èyí tí a bá tì sókè yóò jìnnà sí àṣẹ náà, yóò pín ní ìgbà díẹ̀ síi, lẹ́yìn náà yóò yan iṣẹ́. Àwọn aládùúgbò ni ó sì ń pinnu iṣẹ́ náà. Bí sẹ́ẹ̀lì méjì bá fara kan ara wọn, ọ̀kan a pàṣẹ fún èkejì nípa ohun tí a ń pè ní Notch. Èyí tí ó gba àṣẹ yóò di ẹni tí ń fa oúnjẹ sínú ara. Àwọn ni wọ́n pọ̀ jù. Èyí tí kò rí ẹni pàṣẹ fún un yóò di ẹni tí ń tú nǹkan jáde: òmíràn ń tú ohun yíyọ̀ bí ikun láti dáàbò bo ìfun, òmíràn ń rán họ́mọ̀nù sínú ẹ̀jẹ̀, òmíràn sì ń padà lọ sí ìsàlẹ̀ kòtò láti pa kòkòrò àrùn, kí ó sì máa ṣọ́ àwọn ìyá.

Ní ọdún 2019, àrùn jẹjẹrẹ ọmú mú àbúrò mi obìnrin. Lẹ́yìn tí a fún un ní oògùn ní ìgbà kejì, ẹnu rẹ̀ bó, ìgbẹ́ gbuuru sì dá a dùbúlẹ̀. Àwọn aládùúgbò wí pé májèlé ni oògùn náà, òun pẹ̀lú sì búra pé òun kò ní padà lọ mọ́. Dókítà ṣàlàyé fún wa pé sẹ́ẹ̀lì tí ń pín kíákíá ni oògùn náà ń lù. Bẹ́ẹ̀ ni jẹjẹrẹ ń pín. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti inú ẹnu àti ìfun. Ó fún un ní oògùn ìgbẹ́ gbuuru àti omi oníyọ̀ òun ṣúgà, ó sì kìlọ̀ pé bí ó bá tún le, kí a tètè wá. Nígbà tí a délé, mo fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé hàn án, mo sì sọ fún un ohun tí a ti rí lára eku ní ọdún 2012: bí àwọn ìyá inú kòtò bá tilẹ̀ kú, àwọn kan nínú àwọn ọmọ tí ó ti ń gòkè lè yí padà, kí wọ́n di ìyá.

Ó wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà pẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní ìdí rẹ̀ ṣì wà nínú ilẹ̀?"

Mo ní, "Ó wà."

Ó padà lọ, ó sì gba ìyókù oògùn náà pé. Láàrin ìgbà kan sí èkejì, ikùn rẹ̀ a máa rọ̀, oúnjẹ a sì tún máa wù ú jẹ.

Agbára tí ń sọ ìfun di ọ̀tun yìí ní ewu tirẹ̀. Ní ìfun ńlá, bí apá ìwé àṣẹ tí a ń pè ní APC bá bàjẹ́, àṣẹ pé kí á máa pín kò ní dáwọ́ dúró mọ́. Kókó a hù, lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ó sì lè di jẹjẹrẹ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ kò gbọdọ̀ fi í ṣe ìtìjú. Kí ó tọ dókítà lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ há orúkọ ẹ̀yà ara sórí lásán. Ẹ kọ́ wọn ní bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Nítorí ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀kan nínú wọn yóò jókòó ti aláìsàn tí ó fẹ́ kọ oògùn, tí gbogbo ilé yóò sì máa sọ ohun tí wọn kò mọ̀; ó dára kí ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ó mọ̀.