Ohun Tí Ẹrẹ̀ Adágún Fi Pa Mọ́

ONÍLÉ: Àbúrò mi, kú àbọ̀. Wọ́n ní níbi tí o ti kàwé ní Amẹ́ríkà, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún ni ẹ ń bi léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí a tó bí baba ńlá àwọn baba wa. Jókòó, kí o rò ó fún mi, nítorí ẹrẹ̀ tí èmi mọ̀ kò ní ẹnu.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Ẹ kú ilé, ẹ̀gbọ́n mi. Ohun gbogbo tí ó ní ẹ̀mí, ìbáà ṣe koríko tí ń rá pálá nílẹ̀, ìbáà ṣe àjànàkú, ẹranko a-fẹsẹ̀-lànà-nínú-igbó, a máa fi nǹkan ara rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ó bá gbà kọjá: ewé a wọ́, irun a re, ìgbẹ́ àti ìtọ̀ a bọ́ sílẹ̀, àgbàrá a sì gbá wọn lọ sínú adágún, níbi tí DNA, èyíinì ni àkọsílẹ̀ ìran tí ó wà nínú ara olúkúlùkù, yóò ti lẹ̀ mọ́ amọ̀, tí ẹrẹ̀ ọdọọdún yóò sì máa bò ó mọ́lẹ̀. Bí ibẹ̀ bá tutù dáadáa, yóò pẹ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí ó tó jẹrà tán.

ONÍLÉ: Kí ni ẹ ti rí níbẹ̀ gan-an?

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Erékùṣù kan ń bẹ tí wọ́n ń pè ní St. Paul, nínú Òkun Bering, ní Alaska. Níbẹ̀ ni mámọ́ọ̀tì, erin ayé àtijọ́ tí irun bò láti orí dé ẹsẹ̀, há sí nígbà tí yìnyín yọ́, tí òkun kún, tí ó sì gé ibẹ̀ kúrò lára ilẹ̀ ńlá. Àwọn ará wọn lórí ilẹ̀ ńlá run, àwọn wọ̀nyí ṣẹ́ kù. Russell Graham ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Pennsylvania àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ki ọ̀pá oníhò bọ ìsàlẹ̀ adágún kan níbẹ̀ tí ń jẹ́ Lake Hill, wọ́n fa ẹrẹ̀ jáde ní odindi, wọ́n sì wá DNA erin náà láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé òkè. Ó ń bẹ, ó ń bẹ, títí ó fi kan ẹrẹ̀ nǹkan bí 5,600 ọdún sẹ́yìn. Láti ibẹ̀ lọ, kò sí mọ́. Ní 2016 ni wọ́n tẹ àbọ̀ ìwádìí náà jáde.

ONÍLÉ: Dúró ná. Pé a kò rí ẹsẹ̀ olè lónìí kò wí pé olè ti kú. Ta ni ó sì mọ̀ bóyá láti ara ẹni tí ó wa ẹrẹ̀ ni nǹkan ti kán sí i?

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Ìbéèrè àgbà ni. Mo ti wọ yàrá irú iṣẹ́ yìí rí: aṣọ funfun ni yóò bo ènìyàn tán, ìbọ̀wọ́ méjì lọ́wọ́ kan, ìbòmú lẹ́nu, nítorí itọ́ díẹ̀ lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. A ó ha ara ẹrẹ̀ náà dànù, àárín rẹ̀ tí irin kò kàn ni a ó bù. DNA àtijọ́ sì ní àmì tirẹ̀: ó ti já wẹ́wẹ́, etí rẹ̀ sì ti ṣá ní ọ̀nà tí ti tuntun kì í gbà ṣá. Ní ti ẹsẹ̀ olè, olú kan wà tí ìgbẹ́ ẹran ni ó fi ń ṣe ilé. Irúgbìn rẹ̀ tí ó kúnná wà nínú ẹrẹ̀ kan náà, ìgbà tí DNA erin pin ni òun náà wọ́n. Egungun tí a ṣà ní erékùṣù náà, kò sí èyí tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré sí ìgbà yẹn. Àjànàkú kọjá mo-rí-nǹkan-fìrí, ẹ̀gbọ́n mi.

ONÍLÉ: Ọdẹ ni ó pa wọ́n tán nígbà náà.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Rárá o! Kò sí ẹ̀rí pé ènìyàn tẹ ibẹ̀ ṣáájú 1787. Òǹgbẹ ni. Òkun ń jẹ ilẹ̀ náà kù, ọ̀dá ń mú, adágún ń fà, omi rẹ̀ sì ń dọ̀tí. Bẹ́ẹ̀ erin ayé òde òní lè mu tó 200 lítà lójúmọ́. Nígbà tí wọ́n kó ara wọn jọ sí etí ìwọ̀nba omi tí ó kù, wọ́n tẹ koríko ibẹ̀ pa, iyẹ̀pẹ̀ sì ń ya lọ sínú adágún, ó túbọ̀ ń dí i. Àánú wọn ṣe mí nígbà tí mo kà á.

ONÍLÉ: Òkun yí wọn ká, wọn kò sì rí omi mu! Àwọn ènìyàn tí ń gbé erékùṣù kéékèèké lónìí ńkọ́, tí a ń gbọ́ pé òkun tún ń kún?

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Ohun tí ó ń kọ mí lóminú nìyẹn. Gbogbo ènìyàn ń wo etí òkun, wọ́n ń ka ilé tí omi yóò gbé lọ. Ṣùgbọ́n inú kànga ni omi iyọ̀ ti kọ́kọ́ ń wọlé tọ̀ wọ́n.