Owó Àbọ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ sinmi. Ṣùgbọ́n ìsinmi náà ń fẹ́ ètò.

Nígbà kan, mo kúrò ní Kétu, mo lọ ṣe fàájì ní Kútọnu. N kò ṣírò owó. Ní ọjọ́ kẹta, owó tán. Inú gáréèjì ni mo sùn. Awakọ̀ kan ló ṣàánú mi, tó gbé mi padà. Ojú tì mí níwájú ìyàwó mi.

Lọ́dún yìí, mo ní kí a jọ lọ wo Ganvié. Kò bá mi jà. Ó mú ìwé àti kálàmù wá. Kíláàsì wa yìí ni òun náà ti mọ̀wé. Owó ọkọ̀ àbọ̀ ni ó kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Ó ní: « Bàbá Àìná, àlọ nìkan kọ́ ni ìrìn àjò. »

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní oṣù kìíní, ni a ó lọ. A ó gba Pobẹ̀ àti Àjàṣẹ́ kọjá, títí dé Calavi. Níbẹ̀ ni a ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi. Orí òpó igi ni àwọn ilé Ganvié wà, láàárín omi. Àwọn baba ńlá wọn sá lọ síbẹ̀ nítorí àwọn tó ń kó ènìyàn lẹ́rú. Lẹ́yìn náà, a ó sinmi ní etí òkun Ouidah. A kò ní lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, nítorí ìgbì rẹ̀ lágbára.

Owó àbọ̀ ti wà lọ́tọ̀. Ọwọ́ ìyàwó mi ni ó wà.

Ẹ̀yin náà, ẹ kọ tiyín sílẹ̀ kí ẹ tó jáde nílé.