Òwúrọ̀ Kan Lẹ́nu Odò Casamance

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi ní Àjàṣẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni n óò wọ̀ láti Dakar lọ sí Ziguinchor, òwe ni ó fi dá mi lóhùn: «Òkun kì í hó ruru, kí a wà á ruru.» Ẹ̀rù bà á, kò sì jẹ̀bi. Ojú ọ̀nà yìí kan náà ni ọkọ̀ Le Joola ti dojú dé ní òru ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 2002. Èrò tí ó lé ní 1,800 ni ó bá a lọ. 64 péré ni ó yè.

Ọkọ̀ tí èmi wọ̀ ń jẹ́ Aline Sitoé Diatta, orúkọ akọni obìnrin Casamance tí ó tako ìjọba amúnisìn Faransé. Wọ́n lé e lọ sí Timbuktu, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọdún 1944. Alẹ́ ni a ṣí ní Dakar. N kò fojú ba oorun.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a ti dé ẹnu odò. Àwọn òfú ń fò ní ọ̀wọ́ lórí omi. Àwọn ẹyẹ funfun kan, tí orí wọn dúdú, ń já sínú omi bí òkò. Màmá kan tí ó dúró tì mí sọ fún mi ní èdè Faransé pé: «Ọmọ mi, ibi tí ẹyẹ bá ti ń já ni kí o máa wò. Ẹja ni wọ́n rí.»

Kò tíì pa ẹnu dé tí ẹ̀yìn aláwọ̀ eérú kan fi yọ lójú omi. Ó mí fùù, ó rì. Mẹ́ta mìíràn tẹ̀ lé e. Dọ́fíìnì ni! Wọn kì í ṣe ẹja: afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń mí, wọ́n sì ń fún ọmọ wọn lọ́mú.

Màmá náà ní ẹ̀gbọ́n òun wà nínú Le Joola. «Ó pẹ́ kí n tó lè wo omi. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, bí mo bá ń relé, mo máa ń jí wá wò wọ́n.» Faransé sọnù lẹ́nu mi. «Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá,» ni mo wí ní èdè wa. Ó mi orí.

Àwọn tí a rí kò ní iké. Irú mìíràn wà tí ó ní iké, tí kò sí níbòmíràn láyé àfi ní etíkun Áfíríkà tiwa, láti Sàhárà Ìwọ̀-Oòrùn títí dé Àǹgólà. Láti ọdún 2017 ni àjọ UICN ti kà á mọ́ àwọn ẹranko tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n run pátápátá. Ìtòsí èbúté ni ó ń gbé, níbi tí àwọ̀n pọ̀ sí. Bí àwọ̀n bá mú un, kò ní lè gòkè wá mí: ọmọ inú omi, omi ni ó ń pa á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, òkun yìí kan náà ni ó ń lu etí ilẹ̀ ní Kùtọnu àti Lomé. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀, ẹ gbé ojú sókè, kí ẹ wo ibi tí ẹyẹ ń já sí.

Ní èbúté Ziguinchor, mo pe ìyá mi pé mo ti gúnlẹ̀. Ó dúpẹ́, ó dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí pé: «Kí ni o rí lójú omi?»

Mo ní kí ó wá ibi jókòó sí ná.