Bàbá Ìbejì fẹ́ẹ́ to kọ̀ǹpútà géèmù, ìyàwó ẹ̀ ní ṣé wọ́n bára mu?

Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ mọ bí owó ṣe ń há mọ́ ọlọ́gbọ́n lọ́rùn, kó lọ wo ẹni tó ń to kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ọjà tó dáa ló rà, kì í ṣe gbàrọgùdù, owó gidi ló san, ẹnikẹ́ni ò sì lù ú ní jìbìtì. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, èyí ò wọnú ìyẹn, ìyẹn ò gba èyí láàyè, gbogbo ẹ̀ wá jókòó sórí tábìlì bí orogún tí wọn ò kí ara wọn. Nǹkan tó dáa lọ́tọ̀, nǹkan tó bára mu lọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wàhálà sílẹ̀ láàrin tọkọtaya kan ní Ọlọ́runṣògo, lágbègbè Ìbàdàn. Bàbá Ìbejì ni wọ́n ń pe ọkọ, níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ adìyẹ ló ti ń ṣe akọ̀wé. Télọ̀ ni Ìyá Ìbejì ní tiẹ̀. Ọkùnrin yìí kì í mutí, kì í ta tẹ́tẹ́, àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ géèmù bọ́ọ̀lù, kò gbẹ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àtikékeré ló ti ń fi owó oúnjẹ sanwó nílé géèmù, níbi tí wọ́n ti máa ń gbé tẹlifíṣàn àti PlayStation kalẹ̀ fáwọn ọmọ àdúgbò, tí wọn yóò máa gbowó lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n kó àjọ fún un, ó ní òun fẹ́ẹ́ to kọ̀ǹpútà géèmù tòun. Ó ní òun yóò fi gbá bọ́ọ̀lù lálẹ́, òun yóò sì máa fi ṣe fídíò òde ìnáwó fáwọn èèyàn, kówó lè máa wọlé.

Ìyàwó ẹ̀ ò sọ pé rárá. Àmọ́ ó pẹ́ tóun náà ti ń wá fírísà tí yóò máa fi ta omi tútù níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Owó kan náà ni wọ́n jọ ń wò. Bí kọ̀ǹpútà yẹn bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, fírísà ti bá a lọ nìyẹn.

Ohun tí Bàbá Ìbejì kọ́kọ́ rò lohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò. Àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti lò ní ọ́fíìsì lókè òkun, tó di tòkunbọ̀ lọ́dọ̀ wa, pọ̀ nígboro. Ó rí Dell OptiPlex 9020 kan, èyí tó tín-ín-rín yẹn, owó ẹ̀ ò sì wọ́n. Ó ní òun yóò rà á, òun yóò ki káàdì gíráfíìsì RTX 3060 bọ inú ẹ̀, ìyẹn káàdì tó ń ya àwòrán géèmù sójú tẹlifíṣàn, ó parí. Ẹni tó fẹ́ẹ́ tà á fún un náà ní, "Àbúrò, fọkàn ẹ balẹ̀, á gbé e."

Aṣọ ni Ìyá Ìbejì ń rán lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ ẹ̀ ròyìn dé ibẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ ti wò ó bóyá wọ́n bára mu?" Ọkọ ní, "Ìyá Ìbejì, ẹni tó ń tà á ti ní á gbé e, kí lo tún fẹ́ kí n wò?" Obìnrin náà bá mú abẹ́rẹ́ méjì jáde nínú dúrọ́ọ̀. "Ẹ wo èyí, ti Butterfly ni, ẹ̀gbẹ́ kan ìdí ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí, ti indọ́síríà ni, ìdí ẹ̀ rí róbótó. Abẹ́rẹ́ làwọn méjèèjì, wọ́n mú, wọ́n sì dáa. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ki ti ọ̀kan bọ máṣíìnì èkejì, kò ní í rán nǹkan kan fún yín. Ẹni tó ń ta abẹ́rẹ́ ò mọ máṣíìnì tó wà nílé yín."

Ọ̀rọ̀ náà wọ ọkùnrin náà lákínyẹmí ara. Ó sinmi owó níná, ó wá bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ohun tó bá níbẹ̀ pọ̀. Kéèsì OptiPlex tó tín-ín-rín yẹn ò fẹ̀, káàdì kúkúrú nìkan ló lè gbà, RTX 3060 ò lè wọ ibẹ̀ láéláé. Páwà sọ́pláì ẹ̀, ìyẹn ohun tó ń pín iná fún gbogbo ara ẹ̀, ò ju wáàtì 255 lọ, bẹ́ẹ̀ káàdì yẹn nìkan lè mu 170, Nvidia tó ṣe é sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ẹ́ lò ó wá páwà sọ́pláì wáàtì 550. Ká ní ó fẹ́ẹ́ pààrọ̀ páwà sọ́pláì náà ńkọ́? Ẹnu mẹ́jọ ni wáyà tó wọ bọ́ọ̀dù Dell yẹn ní, ti ọjà tó wọ́pọ̀ sì ní ẹnu mẹ́rìnlélógún. Lórí ìyẹn, iṣẹ́ ọdún 2013 ni kọ̀ǹpútà náà, Windows 11 ò sì ka irú ẹ̀ mọ́ tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ti jáwọ́ nínú títọ́jú Windows 10. Ẹni tówó ẹ̀ ò tó nǹkan ṣì lè fi káàdì kékeré bíi GTX 1650 tó kúrú sínú ẹ̀, nítorí wáàtì 75 ni ìyẹn ń mu, ara bọ́ọ̀dù ló sì ti ń mu ún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí Bàbá Ìbejì ń wá nìyẹn.

Ló bá tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Pùrósẹ́sọ̀ tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, àti mọ́dábọ́ọ̀dù tí gbogbo nǹkan ń jókòó lé, àwọn méjì yìí lèèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ so pọ̀. Ojú ihò tí pùrósẹ́sọ̀ ń jókòó sí ní orúkọ. Àwọn Ryzen tí AMD ń ṣe láti ọdún 2017, AM4 ni ihò tiwọn. Nígbà tó di 2022, wọ́n gbé AM5 dé, ọmọ AM4 ò sì lè jókòó síbẹ̀. Intel náà ní tiẹ̀: ìran kẹwàá àti ìkọkànlá ń lo LGA1200, ìran kejìlá títí dé ìkẹrìnlá ń lo LGA1700. Ẹni tó ra ọ̀kan mọ́ ti èkejì, kò sí bí yóò ṣe tì í tí yóò wọlé, àfi kó dá eyín ẹ̀.

Ihò lè bára mu kí ọ̀rọ̀ má tíì parí. Bọ́ọ̀dù B450 ti ọdún 2018 jẹ́ AM4, Ryzen 5 5600 ti 2022 náà jẹ́ AM4, àmọ́ tí wọn ò bá tíì sọ BIOS bọ́ọ̀dù náà di tuntun, kò ní í dá àlejò náà mọ̀, ojú tẹlifíṣàn yóò sì dúdú kirikiri. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn orúkọ náà tún ní ohun tó ń sọ. Ryzen 5 5600 ò lè gbé àwòrán jáde láìsí káàdì, ṣùgbọ́n 5600G lè ṣe é. Lọ́dọ̀ Intel, èyí tí wọ́n bá kọ F sí lẹ́yìn ni kò lè gbé àwòrán jáde.

Ráàmù ńkọ́? DDR4 àti DDR5 jọ ara wọn lójú, àmọ́ ibi tí wọ́n gé lára wọn yàtọ̀ síra, ọ̀kan ò sì lè wọ ilé èkejì. AM4 ń lo DDR4, AM5 ń lo DDR5. Ti LGA1700 ló ń dàrú mọ́ni lójú jù, nítorí bọ́ọ̀dù ẹ̀ kan wà fún DDR4, òmíràn wà fún DDR5. Àṣìṣe ibẹ̀ yẹn kì í ṣe kékeré, pàápàá láti ìparí ọdún 2025 tí owó ráàmù ti fò sókè káàkiri ayé, nítorí àwọn tó ń kọ́ ilé kọ̀ǹpútà ńláńlá fún AI ń rà á bí ẹni ra ẹ̀pà.

Ti iná ló kù, ìyẹn sì ni ọ̀rọ̀ tó kan gbogbo ilé. Lóṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A dé náírà 225 fún yúnìtì kan. Kọ̀ǹpútà tó ń mu wáàtì 300, tí wọ́n fi gbá bọ́ọ̀lù fún wákàtí mẹ́rin, yúnìtì kan àti díẹ̀ ló máa jẹ, tó bá jẹ́ iye yẹn, náírà 270 nìyẹn lálẹ́ ọjọ́ kan. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" ò sì lè máa gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ohun ńlá mìíràn. Iná tó ń lọ sókè sódò náà wà ńbẹ̀, ẹni tí kò bá ra sítébíláísà, ó ń fi gbogbo owó ẹ̀ ta tẹ́tẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ iná yìí ló jẹ́ kí tọkọtaya náà jókòó sọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n sì fẹnu kò sí rèé: kí Bàbá Ìbejì ra Ryzen 5 5600G, bọ́ọ̀dù B550, ráàmù DDR4, àti páwà sọ́pláì gidi tó tó wáàtì 550. Kó má tíì ra káàdì. 5600G yóò máa gbé géèmù bọ́ọ̀lù náà, bí àwòrán ẹ̀ ò tiẹ̀ dán tó. Tówó bá tún dé, kó ra káàdì, nítorí àyè àti iná ẹ̀ ti wà nílẹ̀ dè é. Owó tó ṣẹ́ kù ni wọ́n fi ra fírísà àlòkù.

Bàbá Ìbejì kọ orúkọ gbogbo wọn sínú ìwé pélébé kan, pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, ó wọ mícrà lọ sí Queen Cinema ní Èkótẹ̀dó, níbi tí wọ́n ti ń ta kọ̀ǹpútà n'Íbàdàn. Ó fi rúlà wọn inú kéèsì, kí káàdì ọjọ́ iwájú lè rí ibi nà sí. Kò sanwó àyàfi ìgbà tí wọ́n tó o pọ̀ lójú ẹ̀, tí iná tàn, tí ìwé kíkọ sì jáde lójú tẹlifíṣàn. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ ṣe irú ẹ̀, bó ṣe yẹ kóun náà ṣe é nìyẹn: ìwé lọ́wọ́, ojú lórí nọ́ńbà, kó má sì sanwó lórí "á gbé e."

Kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́, fírísà náà ń ṣiṣẹ́. Òfin kan ṣoṣo ni Ìyá Ìbejì ṣe. Ó ní tí wọ́n bá ti mú iná lọ, tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, kí ọkọ òun pa géèmù, nítorí àwọn méjèèjì ò bára mu.