Ether Ti Lọ, Atropine Kù

Ether ló mú oògùn tó ń gbẹ itọ́ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Láti ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1846, tí William Morton fi ether mú ọkùnrin kan sùn níwájú àwọn dókítà ní Boston, ni ìyọnu yìí ti bá iṣẹ́ wa: ether máa ń ta ọ̀fun, itọ́ á máa ṣàn, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á dí ọ̀nà èémí, ẹni tó sì sùn kò lè tutọ́, kò lè wúkọ́. Atropine ni àwọn àgbà wa fi kápá rẹ̀. Wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ṣáájú iṣẹ́, ẹnu á gbẹ, ọ̀nà ọ̀fun á mọ́.

Nígbà tí mo di nọ́ọ̀sì akunilóorun ní Accra, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, halothane ti lé ether lọ ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi Korle Bu, èyí tí Gómìnà Guggisberg ṣí lọ́dún 1923. Ní ìgbèríko, ẹ̀rọ EMO tí wọ́n ṣe ní Oxford láwọn ọdún 1950 ṣì wúlò, torí kò bèèrè iná mànàmáná, kò bèèrè sílíńdà. Afẹ́fẹ́ tí aláìsàn ń fà símú ló ń gbé ether wọlé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi, Tudu ní Accra ni wọ́n ti ń tajà. Nígbà tí ìjọba Busia ní Ghana pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bàbá mi níwèé, a sì dúró. Ọ̀pọ̀ ará àdúgbò wa lọ, wọn ò sì padà wá mọ́. Báyìí ló ṣe jẹ́ ọwọ́ obìnrin Gã kan ni mo ti kọ́ṣẹ́, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Sísítà, tí òun náà ń pè mí ní ọmọ Alata, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀.

Mi ò gbàgbé ọmọkùnrin kan tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ ìpá fún ní ilé ìwòsàn kékeré kan. Oṣù kẹta ni, ooru mú gan-an. Wọ́n ti gún un ní atropine láàárọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún gbogbo ènìyàn. Iná wá lọ, iṣẹ́ ò bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí èmi àti Sísítà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òógùn ti bo gbogbo wa, ṣùgbọ́n iwájú orí tirẹ̀ gbẹ táútáú. Ètè rẹ̀ ti là, ahọ́n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu, ojú rẹ̀ pọ́n, ara rẹ̀ ń jó. Ọmọ ojú rẹ̀ fẹ̀, ó ń fọwọ́ bojú nítorí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Sísítà bọ́ aṣọ ọmọ náà, ó fi tówẹ̀lì tútù nù ún látòkè délẹ̀, ó ní kí ìyá rẹ̀ máa fẹ́ ẹ, ó sì sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú. Lẹ́yìn náà ló wá bi wá pé: “Halothane lẹ fẹ́ lò fún ọmọ yìí, àbí? Ether dà?”

Ẹnikẹ́ni ò fèsì. Ether ti kúrò ńlẹ̀, halothane kì í sì mú itọ́ ṣàn bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ a ṣì ń gún abẹ́rẹ́ tó wà nítorí ether fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. Ìbéèrè yẹn ló sọ mí di oníṣẹ́.

Atropine kì í yan ibi tí yóò gbẹ. Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ acetylcholine ni iṣan fi ń rán ẹṣẹ́ itọ́, ẹṣẹ́ òógùn, ọkàn, ìfun àti àpò ìtọ̀ níṣẹ́. Atropine á dí etí gbogbo wọn pọ̀. Ọmọdé tí ibà ń ṣe, tí kò sì lè làágùn nínú ooru Accra, wà nínú ewu gidi. Ilẹ̀ wa mọ agbára yìí tipẹ́: ẹni tó bá jẹ gẹ̀gẹ́mu, ẹnu rẹ̀ á gbẹ, ojú rẹ̀ á fẹ̀, á máa sọ̀rọ̀ tí kò lórí, nítorí atropine àti hyoscine wà nínú ewéko yẹn. Ohun tó ń dá a padà náà wá láti ìhà tiwa. Èso Calabar, èyí tí àwọn Ẹ́fíìkì ń fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kàn jẹ, ni wọ́n ti rí physostigmine lọ́dún 1864. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ lé tí wọ́n fi ṣe neostigmine, tí a ń lò láti dá okun padà fún ẹran ara tí a ti fi oògùn dẹ̀. Neostigmine fúnra rẹ̀ ń mú itọ́ ṣàn, ó sì ń fa ọkàn sẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí a kì í fi fún ènìyàn láìfi oògùn agbẹtọ́ kún un.

Glycopyrrolate ni mo fẹ́ràn jù fún ìyẹn. Ọdún 1961 ni Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbà á wọlé, fún ọgbẹ́ inú. Kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ọpọlọ, torí náà kì í da orí àgbàlagbà rú bí atropine. Kì í sì lé ọkàn kíkankíkan. Ìwọ̀n 0.2 mílígíráàmù ni a ń lò fún mílígíráàmù neostigmine kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n tí ọkàn bá ń dákẹ́ lọ lórí tábìlì, atropine ni mo ń nawọ́ mú, òun ló tètè ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí a bá sì fún ní ketamine ṣì lè nílò agbẹtọ́, torí ketamine ń mú itọ́ wá.

Àwọn ìyá ń gbé ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ farapa wá bá mi, itọ́ á ti mú àyà aṣọ ọmọ náà tutù rinrin, àgbọ̀n rẹ̀ á ti bó. Mo ń káàánú wọn gan-an. Glycopyrrolate olómi wà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i lọ́dún 2010 fún ọmọ ọdún 3 sí 16. Dókítà á bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n kékeré, 0.02 mílígíráàmù fún kílò kan, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Kò gbọdọ̀ fi kún un kí ọjọ́ márùn-ún sí méje tó pé. Wákàtí kan ṣáájú oúnjẹ ni ọmọ á lò ó, tàbí wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣíbí ọbẹ̀ wọ̀n ọ́n, ṣírínjì ẹnu ni kí ẹ lò. Bí ìgbẹ́ bá dáwọ́ dúró, bí kò bá tọ̀, bí ara rẹ̀ bá gbóná tí kò làágùn, ẹ dá oògùn dúró, kí ẹ gbé e wá kíá.” Kì í ṣe kí ẹnu gbẹ pátápátá la ń wá. Bí oògùn bá pọ̀ jù, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á ki, á lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn sì burú ju itọ́ tó ń dà lọ.

Ti ẹni tó ń lọ sọ́run yàtọ̀. Bí èémí rẹ̀ bá ń kùn nínú ọ̀fun, ẹ kọ́kọ́ dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. Hyoscine tàbí glycopyrrolate lè dín èyí tó ṣì ń bọ̀ kù, kò lè kó èyí tó ti wà níbẹ̀ kúrò. Àgbẹ̀ tí oògùn kòkòrò oko irú organophosphate bá pa lára ni ẹnì kan ṣoṣo tí a kì í ṣahun atropine sí. Bí ìwọ̀n àkọ́kọ́ kò bá tó, a ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì ní ìṣẹ́jú márùn-ún, a ó sì tún un ṣe, títí àyà rẹ̀ á fi mọ́. Àyà ni a ń gbọ́ níbẹ̀, a kì í wo ọmọ ojú.

Àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń kọ́ báyìí ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn sókè sí ẹlòmíràn létí kí wọ́n tó fà á sínú ṣírínjì, nítorí ìgò tó jọra lè gbé 0.6 tàbí 1 mílígíráàmù. Wọ́n ń bèèrè nípa àrùn ojú glaucoma, nípa bàbá tí kò lè tọ̀ dáadáa, nípa ìfun tó dí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á kọ ìdí tí wọ́n fi fẹ́ fún aláìsàn náà sínú ìwé rẹ̀, pẹ̀lú aago. Ẹni tí kò bá rí ìdí kọ, mo ní kó dá ìgò náà padà sínú páálí.