Ohun Tí Ọ̀dà Kò Lè Bò

Ìpẹtà kì í dé lójijì. Ìpáàrà ni Bíbélì Yorùbá pè é, ó sì kà á mọ́ àwọn ohun tí ń ba ìṣúra ayé jẹ́. Bí irin, omi àti afẹ́fẹ́ bá ti pàdé, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: díẹ̀díẹ̀ ni irin á máa di ìyẹ̀fun pupa tí kò lágbára kankan. Iyọ̀ àti nǹkan kíkan a máa mú kí ó tètè yá. Ìdí nìyẹn tí máṣíìnì àwọn àgbẹ̀ ìhà ọ̀dọ̀ wa, láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, fi ń tètè dípẹtà. Lónìí, àpò ẹ̀gẹ́ tútù ni wọ́n gbé sórí kárià. Lọ́la, àpò ajílẹ̀ ni. Omi ẹ̀gẹ́ ń kan, ajílẹ̀ ní iyọ̀ nínú, òjò sì wà lójú ọ̀nà oko fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún.

Ìrè-Èkìtì, ìlú Ògún Onírè, wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́, kò jìnnà sí wa. Àwa tí a bí sí àdúgbò Ògún mọ̀ pé irin ń fẹ́ ìtọ́jú. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lókè òkun. Ilé gogoro Eiffel tó wà ní Paris, irin ni wọ́n fi kọ́ ọ, ọdún 1889 ni wọ́n sì parí rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 7 sí ọdún 7 ni wọ́n máa ń kùn ún, nǹkan bí 60 tọ́ọ̀nù ọ̀dà ló sì máa ń gbà. Bí irin tí gbogbo ayé ń wá wò bá ń fẹ́ ọ̀dà tuntun, mélòó mélòó ni máṣíìnì bàbá mi?

Ọdún tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC ni bàbá mi ní òun máa ta máṣíìnì náà. Owó ìdánwò ni òun fẹ́ fi san, ohun tó bá kù, òun á fi kún iye tí òun ti tọ́jú láti ra òmíràn. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó fẹ́ máa fi ṣe ọ̀kadà ti bá a sọ̀rọ̀. Bàbá mi ní kí ó fún òun ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí òun tún ara rẹ̀ ṣe kí ó tó wá wò ó.

Ẹ̀yìn ilé ni a ti tú u, nínú oṣù Kìíní, nígbà tí òjò kò sí. Ọ̀dà tí a bá kùn nígbà tí ojú ọjọ́ tutù kì í gbẹ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ní èrúkú tirẹ̀, nítorí náà a máa ń wọ́n omi sílẹ̀ kí a tó ṣí agolo ọ̀dà. Táǹkì epo ni bàbá mi kọ́kọ́ yọ, ó gbé e jìnnà sí ibi tí ìyá mi ń dáná, nítorí òórùn bẹntiróò lásán lè gbaná.

Èmi ni mo ni àwọn nọ́ọ̀tì àti bóòtù. Mo kó wọn sínú abọ́ rọ́bà, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé wọn lórí títí ó fi bò wọ́n, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kíkan ọsàn a máa yọ ìpẹtà. Láàárọ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ̀ wọ́n, mo fi omi ọṣẹ ṣan kíkan náà kúrò, mo sá wọn sóòrùn, mo sì fi epo ẹ́ńjìnnì pa wọ́n lára lójú ẹsẹ̀. Irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni ìpẹtà ń yára mú jù.

Àwọn irin ńlá, kẹrosíìnì ni a fi nu ọ̀rá ara wọn, a sì fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, nítorí ọ̀dà kì í di ọ̀rá mú. Lẹ́yìn náà ni búrọ́ọ̀ṣì onírin, kí sáńpépà tó tẹ̀ lé e: 80 tó le, 120, kí a tó fi 240 dán an. Aṣọ ni a fi di imú. Nígbà tí irin bá mọ́ tó ń kọ mọ̀nà, a ó kun ọ̀dà ìsàlẹ̀ tí àwọn wẹ́dà ń pè ní red oxide, ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ kí ọ̀dà dúdú tó gorí rẹ̀. Bàbá mi kò jẹ́ kí n fi ọ̀dà kan ibi tí búréèkì ti ń ṣiṣẹ́, tàbí ṣéènì, tàbí ọ̀pá dídán inú ṣọ́ọ̀kì iwájú. Epo ni ṣéènì ń fẹ́. Sàlẹ́ńsà ní ọ̀dà tirẹ̀ tí iná kì í jó; ọ̀dà lásán á bó kúrò lára rẹ̀ láìpẹ́.

Ọjọ́ kẹrin ni mo dé orí apá irin tó di táyà ẹ̀yìn mú. Ọ̀dà ibẹ̀ ti wú. Ìpẹtà máa ń gba àyè ju irin tó jẹ lọ, ìyẹn ló fi ń ti ọ̀dà sókè bí ẹni tó ní eéwo. Mo fi sukuruduráífà tẹ̀ ẹ́, ó sì wọlé. Lábẹ́ ọ̀dà dúdú, mo bá ọ̀dà pupa. Lábẹ́ pupa, mo bá nǹkan funfun líle tí àwọn panẹ́bítà fi ń dí ihò. Lábẹ́ ìyẹn, kò sí irin mọ́. Ẹnì kan ti dí i, ó ti kùn ún, kí wọ́n tó tà á fún bàbá mi.

Mo pè é. Ó kúnlẹ̀, ó fi ìka kan ihò náà, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọdún mẹ́ta ló fi ń gbé ìyá mi àti àwa ọmọ lórí rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó wà níbẹ̀ ní, “Ẹ dí i padà kí ẹ kùn ún. Bí wọ́n ṣe tà á fún yín náà nìyẹn. Ta ni yóò mọ̀?”

Bàbá mi dá a lóhùn pé, “Ẹni tó tà á fún mi kò mọ ẹni tí mo máa gbé sẹ́yìn. Èmi mọ̀ pé èrò ni ọmọ yẹn fẹ́ máa gbé.”

Ó gbé apá náà lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Wẹ́dà ní irin rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ jù, pé bí òun bá gbé iná sí i, ṣe ni yóò tún lu. Tòkunbọ̀ ni a ní láti rà. Kò sí owó rẹ̀ nílẹ̀. Bàbá mi wọ inú abà, ó ṣa lára iṣu tó yàn fún èbù, ó sì tà á. Ìyá mi wò ó títí, ó ní, “Ebè á ṣẹ́kù tí kò ní iṣu lọ́dún yìí o.” Bàbá mi ní òun mọ̀.

Ọjọ́ tí oníbàárà dé, máṣíìnì náà ń dán. Bàbá mi gbé apá àtijọ́ síwájú rẹ̀, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, ó sì fi tòkunbọ̀ tí a fi rọ́pò rẹ̀ hàn án. Ọ̀dọ́kùnrin náà gbé irin náà sókè, ó wo inú ihò rẹ̀, ó sì wo gbogbo ara máṣíìnì náà lẹ́ẹ̀kan sí i, fínnífínní. Ó já owó díẹ̀ lára iye tí wọ́n ti jọ sọ. Ó ní irú nǹkan báyìí ń bani lẹ́rù. Bàbá mi gbà. A san owó WAEC nígbà tí ọjọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ebè tí ìyá mi sọ náà ṣẹ́kù lóòótọ́. Ẹ̀gẹ́ ni a gbìn sórí rẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò wa bá fẹ́ ra àlòkù máṣíìnì, mo máa ń bá a lọ. Òòfà inú rédíò tó ti bàjẹ́ ni mo máa ń mú dání. Irin á fà á mọ́ra. Ibi tí wọ́n bá fi nǹkan dí kò ní lè dì í mú dáadáa. Mo tún máa ń fi kọ́kọ́rọ́ kàn án: irin tó lè á dún gooro, èyí tí wọ́n dí á dún bí igi. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, níbi tí ẹrẹ̀ máa ń dúró sí, nítorí ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ lè ṣe é fún àwọn òbí yín pẹ̀lú. Kò ná wa ní kọ́bọ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì ń gbà kí ẹnikẹ́ni tó san owó.