Àwọn Oníbàárà Òpópónà Igun

Títí di nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, kò sí ẹni tó ń lọ rajà ní Igun. Òpópónà náà kò jìnnà sí ààfin Ọba Bìní. Láti Ring Road, ẹ ó gba Sakponba Road díẹ̀, ẹ ó sì yà wọ̀ ọ́. Lónìí, ṣọ́ọ̀bù ló kún ọ̀tún, òun náà ló kún òsì. Orí ìyá ọba tí wọ́n fi idẹ dà, àmọ̀tẹ́kùn, àkùkọ, jagunjagun tó di idà mú, gbogbo wọn tò síta, wọ́n ń retí ẹni tó ń kọjá. Ẹni tó bá débẹ̀ báyìí yóò rò pé torí ọjà ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, oníbàárà kan ṣoṣo ni Igun ní, Ọba sì ni oníbàárà ọ̀hún.

Ọmọ Yorùbá ni mí, Bìní ni mo fi ṣe ibùgbé, mo sì fẹ́ràn òpópónà yìí dénú. Ohun tí mo ti rí ni pé ìtàn àwọn tó ń rajà níbẹ̀ gan-an ni ìtàn rẹ̀. Ẹni tó ń rà ló ń pinnu ohun tí wọn yóò dà.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa Yorùbá ju bí a ti rò lọ. Jacob Egharevba, òpìtàn Bìní, kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ọba Oguola ló ránṣẹ́ sí Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀ pé kí ó fún òun ní ẹni tó mọ iṣẹ́ idẹ, Ọọ̀ni sì fi Iguegha ránṣẹ́ sí i. Ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá ni ọ̀pọ̀ òpìtàn fi ìgbà Oguola sí. Iguegha kọ́ àwọn ará Bìní níṣẹ́, àwọn tó ń da idẹ níbẹ̀ sì ń bọ ọ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Igun Eronmwon ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn. Bàbá ló ń fi iṣẹ́ náà lé ọmọkùnrin lọ́wọ́.

Iṣẹ́ sùúrù ni. Wọ́n á fi amọ̀ mọ inú rẹ̀, wọ́n á fi ìda bò ó, wọ́n á fín ojú, imú àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn sára ìda náà, wọ́n á sì tún fi amọ̀ bo gbogbo rẹ̀. Bí iná bá ti mú un, ìda á yọ́ jáde, ààyè rẹ̀ á ṣófo, ibẹ̀ ni wọ́n á da idẹ yíyọ́ sí. Tó bá tutù, wọ́n á fọ́ amọ̀ náà dànù. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ méjì kò fi lè jọra tán: ohun tí wọ́n fi da èyí àkọ́kọ́ ti fọ́. Láyé oníbàárà kan ṣoṣo yẹn, ẹnikẹ́ni kì í kánjú wọn. Wọ́n ń da orí ọba tó wàjà fún ojúbọ, wọ́n ń da pátákó tí wọ́n kàn mọ́ òpó ààfin, tí ogun, oyè àti àlejò òkèèrè wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá da idẹ fún ẹlòmíràn láìgbàṣẹ, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ló dá sí ààfin.

Kò yẹ kí a fi ibi tí idẹ náà ti wá pamọ́. Láti òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún ni àwọn Potogí ti ń kó ẹ̀gbà idẹ tí wọ́n ń pè ní manílà wá sí etíkun wa, wọ́n ń fi ra ata, wọ́n ń fi ra eyín erin, wọ́n sì ń fi ra ènìyàn. Ní 2023, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí Tobias Skowronek ṣáájú wọn yẹ manílà 67 wò, tí àwọn kan nínú wọn ti inú ọkọ̀ ojú omi tó rì wá. Wọ́n rí i pé irú idẹ agbègbè Rhineland ní Jámánì ni, ó sì bá ti ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Bìní mu. Ẹwà tí a ń yangàn rẹ̀ yìí, omijé àwọn tí wọ́n tà lẹ́rú wà lára owó rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn Igun ní láti gba ìyẹn náà mọ́ra.

Ní oṣù Kejì 1897, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Bìní. Ìlú jóná. Wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ idẹ àti eyín erin lọ. Nǹkan bí 900 nínú ohun ìní Bìní wà ní British Museum nìkan títí dòní. Wọ́n mú Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar, ibẹ̀ ló ti wàjà ní 1914. Fún ọdún 17, kò sí Ọba láàfin, kò sí ẹni tí yóò pàṣẹ iṣẹ́ fún Igun. Àwọn oníṣẹ́ fọ́n ká. Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ wà, ìmọ̀ wà, ẹni tí wọn yóò da idẹ fún ni kò sí mọ́.

Nígbà tí Ọba Eweka Kejì gorí oyè ní 1914, ó kó wọn jọ. Òun fúnra rẹ̀ mọ igi gbẹ́, ó sì mọ idẹ í dà. Ó gbà kí wọ́n máa tà fún ẹni tó bá fẹ́ rà. Ìgbà yẹn ni Igun di òpópónà ọjà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn àti àwọn arìnrìn-àjò ni oníbàárà tuntun, wọ́n sì fẹ́ ohun tí wọ́n lè gbé wọ ọkọ̀ lọ sílé. Ìwọ̀n àpótí àlejò ló wá ń sọ bí iṣẹ́ yóò ti tóbi tó. Mi ò dá Igun lẹ́bi fún un. Ilé ní láti jẹun, ọmọ sì ní láti kọ́ iṣẹ́ bàbá rẹ̀ kó má bàa parun. Àwọn ohun kéékèèké wọ̀nyẹn ló gbé ìmọ̀ náà la ìyàn já.

Oníbàárà kẹta ni Nàìjíríà fúnra rẹ̀. Ní 1973, wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sí àárín Ring Road. Ní 1977, àjọ̀dún àṣà FESTAC fi ojú ìyá ọba Idia tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́ ṣe àmì. Nàìjíríà ní kí British Museum yá wa ní ojú náà tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n kọ̀. Ohun tí wọ́n kọ̀ láti yá wa yẹn, Igun ń fi idẹ dà á fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́. Ojú Idia wà ní ṣọ́ọ̀bù gbogbo níbẹ̀ títí di òní.

Lónìí, àlejò òkèèrè kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹnu ẹ̀rọ omi tó ti bàjẹ́, àgádágodo àtijọ́ àti àjákù ara ọkọ̀ ni àwọn oníṣẹ́ Igun ń yọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwa aládùúgbò kì í wọ ṣọ́ọ̀bù wọn. Mo ti bá àwọn kan lọ síbẹ̀ tí wọ́n dúró síta, wọ́n ní òrìṣà ló wà nínú ilé, àwọn ò fẹ́ gbé e wọ yàrá àwọn. Èyí dùn mí ju àìwá àlejò lọ. Àwòrán àkùkọ tàbí àmọ̀tẹ́kùn kò bèèrè ẹbọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìrètí ti ń dé láti ibòmíràn: wọ́n ti ń dá nínú ohun tí wọ́n kó lọ padà. Ní 2021, Jesus College ní Cambridge dá àkùkọ idẹ kan padà, Yunifásítì Aberdeen dá orí ọba kan padà. Ní 2022, Jámánì fi àṣẹ lórí iṣẹ́ Bìní tó lé ní 1,000 lé Nàìjíríà lọ́wọ́, ó sì gbé 20 wá lópin ọdún náà. Ní 2025, ilẹ̀ Netherlands dá 119 padà. Inú mi dùn sí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó jọ mí lójú jù lọ ṣẹlẹ̀ ní 2021 kan náà, nígbà tí ẹgbẹ́ Ahiamwen ní Bìní da pátákó idẹ tuntun, wọ́n sì fi púlọ́ọ̀gì ọkọ̀ ṣe àgbò kan, wọ́n ní àwọn yóò fi wọ́n fún British Museum, kí ó lè dá ti àwọn bàbá wọn padà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé iṣẹ́ Bìní kò dúró sí 1897. Àwọn tó wà láàyè náà fẹ́ kí wọ́n mọ iyì àwọn.

Yorùbá ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. A kò lè máa pariwo sí London pé ó kó ohun iyebíye wa, kí àwọn ọmọ ẹni tó dà á sì jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù láìrí oníbàárà láti ilé. Oníbàárà tó kàn, àwa ni. Yunifásítì tó fẹ́ fi oyè dá ènìyàn lọ́lá, ìjọba tó fẹ́ gbé ère sí gbàgede, ẹgbẹ́ tó ń fún ọ̀gá tó fẹ̀yìntì lẹ́bùn, Igun ló yẹ kí wọ́n máa lọ. Kí wọ́n sì ní kí oníṣẹ́ náà kọ orúkọ rẹ̀ sí i lábẹ́, torí a kò mọ orúkọ àwọn tó da èyí tí ayé ń jà lé lórí lónìí. Ẹ lọ síbẹ̀. Ẹ bèèrè ẹni tó dà á. Ẹ fún un ní àsìkò tó bá bèèrè, kí ẹ sì san owó tó tọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀.